Ohun tí Ó Yí Padà àti Ohun tí Ó Di Òmíràn: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn Ọjà Sabon Gari ní Kánò

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni òwe yìí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wà nínú rẹ̀. Omi tí ó dànù kò tíì di ohun mìíràn. Ilẹ̀ mu díẹ̀, oòrùn fa díẹ̀ lọ sókè, bí ó bá sì pẹ́ títí yóò tún padà wá ní òjò. Ṣùgbọ́n bí agbè náà bá bọ́ sínú iná tí ó sì jó tán, kò sí ẹni tí yóò wo eérú náà tí yóò pè é ní agbè mọ́. Ohun tí ó wà tẹ́lẹ̀ ti lọ, ohun mìíràn ni ó gba ipò rẹ̀.

Irú ìṣẹ̀lẹ̀ méjì yìí ni àwọn olùkọ́ máa ń yà sọ́tọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nípa ìyípadà ohun-ayé, ìyẹn ohun gbogbo tí ó ní ìwúwo tí ó sì ń gba ààyè. Èkíní ni a lè pè ní ìyípadà ìrísí. Nínú rẹ̀, ohun kan lè tóbi tàbí kó kéré, ó lè le tàbí kó yọ́, ó lè gbẹ tàbí kó rin, ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ náà ni ó ṣì jẹ́. Èkejì ni ìyípadà àbùdá. Nínú èyí, àwọn èròjà tí ó para pọ̀ di ohun náà tú ká, wọ́n sì tún ara wọn so ní ọ̀nà mìíràn, tí ohun tuntun fi jáde. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní òfin kan tí ó rọrùn láti há sórí, pé ìyípadà ìrísí ṣeé dá padà, ìyípadà àbùdá kò sì ṣeé dá padà.

Òfin náà dùn létí, ó sì wúlò dé ààyè kan. Àmọ́ kò dúró bí a bá gbé e lọ sí ọjà. Ìtàn àwọn ohun tí wọ́n ti ń tà ní Kánò, pàápàá jùlọ ní Ọjà Sabon Gari, fi hàn pé ohun kan wà tí kò ṣeé dá padà, síbẹ̀ tí àbùdá rẹ̀ kò yí. Ohun kan sì wà tí àbùdá rẹ̀ yí pátápátá, síbẹ̀ tí ó tún padà. Ó tún fi hàn pé ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin méjèèjì lè pàdánù owó rẹ̀, ó sì lè pàdánù ẹ̀mí pẹ̀lú.

Bí Sabon Gari Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Kí òyìnbó tó dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Haúsá ni ọjà ti gbilẹ̀ ní Kánò. Muhammadu Rumfa, ọba tí ó jẹ láti nǹkan bí ọdún 1463 sí ọdún 1499, ni ìtàn kà sí ẹni tí ó dá ọjà Kurmi sílẹ̀ nínú odi ìlú náà. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀wọ́ ràkúnmí tí wọ́n la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá ti ń sọ ẹrù. Heinrich Barth, ọmọ Jámánì tí ó dé Kánò ní ọdún 1851, kọ ọ́ sílẹ̀ pé aṣọ tí wọ́n hun tí wọ́n sì rẹ láró níbẹ̀ ń dé Timbuktu ní ìwọ̀-oòrùn, ó sì ń dé Murzuk, Ghat àti Tripoli ní àríwá. Ó mẹ́nu ba iṣẹ́ awọ náà, àti bàtà tí àwọn oníṣòwò ń kó láti Kánò lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ní oṣù kejì ọdún 1903 ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà. Ní ọdún 1911, ojú irin tí ó ti Èkó bẹ̀rẹ̀ dé Kánò. Ọkọ̀ ojú irin ni ó gbé ogunlọ́gọ̀ ènìyàn láti gúúsù wá: akọ̀wé, òṣìṣẹ́ reluwé, télọ̀, káfíńtà àti oníṣòwò. Yorùbá wà lára wọn, títí kan àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà. Ìgbò wà lára wọn. Àwọn mìíràn sì ti Gold Coast, tí ó di Ghana lónìí, wá. Ìjọba amúnisìn kò fẹ́ kí àwọn àlejò wọ̀nyí máa gbé inú odi ìlú, nítorí náà wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn lẹ́yìn odi. Sabon Gari ni wọ́n pe ibẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí ìlú tuntun ní èdè Haúsá. Títí di òní, òpópónà kan ń jẹ́ Yoruba Road níbẹ̀.

Ọjà tí ó dìde ní àdúgbò yìí dàgbà títí ó fi di ọ̀kan lára àwọn ọjà tí ó tóbi jù ní àríwá Nàìjíríà. Wọ́n ti fi orúkọ Muhammadu Abubakar Rimi, gómìnà ìpínlẹ̀ Kánò láti ọdún 1979 sí ọdún 1983, pè é, ṣùgbọ́n Sabon Gari náà ni ó ṣì wà lẹ́nu ará ọjà. Ibẹ̀ ni ẹrù tí ó ti aṣálẹ̀ bọ̀ àti ẹrù tí ó ti etí òkun bọ̀ ti ń pàdé, nítorí náà ibẹ̀ dára fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ohun-ayé bí ó ti ń ti ọwọ́ dé ọwọ́.

Iyọ̀, Òrí, Ata àti Obì

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí iyọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iyọ̀ tí wọ́n ń jẹ ní Kánò ń ti Bilma wá, ní àárín aṣálẹ̀ tí ó wà ní Orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀ lónìí. Omi oníyọ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kí oòrùn fà gbẹ nínú kòtò. Nígbà tí omi bá ti lọ, iyọ̀ yóò kù sílẹ̀. Wọn yóò mọ ọ́n ní ìṣùṣù, ràkúnmí yóò sì gbé e. Nígbà tí ìyàwó ilé bá bù ú sínú ọbẹ̀, ó tún yọ́, ojú kò rí i mọ́, ahọ́n nìkan ni ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Láti inú omi dé orí ràkúnmí, láti orí ràkúnmí dé inú ọbẹ̀, iyọ̀ ni iyọ̀ ń jẹ́. Ìyípadà ìrísí ni gbogbo rẹ̀.

Bákan náà ni òrí. Nínú oṣù kẹrin, nígbà tí oòrùn Kánò máa ń mú tó ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òrí tí ó dì gbagidi ní òwúrọ̀ yóò ti yọ́ gbẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán. Bí alẹ́ bá lẹ́ tí atẹ́gùn tutù fẹ́, ó tún dì. Ẹni tí ó ń rà á kò bẹ̀rù rárá, nítorí ó mọ̀ pé òrí náà ni.

Ṣùgbọ́n kí ni a ó sọ nípa ata? Nígbà tí a bá da ata gbígbẹ sínú ẹ̀rọ, tí ó sì lọ̀ ọ́ kúnná, kò sí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni lè ta tí yóò fi dá ata náà padà sí odidi. Bí a bá tẹ̀lé òfin tí wọ́n há sórí ní ilé-ẹ̀kọ́, a ó ní ìyípadà àbùdá ni èyí. Irọ́ ni. Lẹ́búlẹ́bú ata ṣì jẹ́ ata: ó ń ta lẹ́nu bí ti àtẹ̀yìnwá, ohun tí ó mú un ta wà nínú rẹ̀ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ìrísí rẹ̀ nìkan ni ó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Níbi yìí ni ẹsẹ̀ kìíní òfin náà ti ṣẹ́.

Obì fi ìrísí méjèèjì hàn lára ẹyọ kan ṣoṣo. Kí ojú irin tó dé, láti agbègbè Gonja ní ilẹ̀ Ghana òde òní ni ọ̀pọ̀ obì ti ń wá sí Kánò, ibẹ̀ sì ni orúkọ gbànja ti wá. Lẹ́yìn tí reluwé dé, obì ilẹ̀ Yorùbá gba ọ̀nà yìí lọ sókè. Gbogbo ẹni tí ó ti dì í sínú apẹ̀rẹ̀ ni ó mọ̀ pé bí ewé tí a fi bò ó bá gbẹ, obì yóò rọ, yóò sì hunjọ. Omi ara rẹ̀ ni ó lọ; ìyípadà ìrísí ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ bá ṣá obì náà, tàbí tí a gé e jẹ tí a gbé ìyókù sílẹ̀, kò ní pẹ́ tí ojú ibi tí a gé yóò fi di pupa rúsúrúsú. Àwọn èròjà inú obì ti pàdé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, wọ́n sì ti di ohun mìíràn. Kò sí omi tí a lè wọ́n sí i tí àwọ̀ náà yóò fi padà.

Kán-ún àti Awọ

Kán-ún fara jọ iyọ̀ lójú, bí wọ́n sì ti ń rí i jọ ti iyọ̀ díẹ̀. Bèbè Adágún Chad jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí ó ti ń wá, níbi tí omi ti gbẹ tí ó sì fi í sílẹ̀. Bí a bá fi sínú omi lásán, yóò yọ́. Bí a bá sì gbẹ omi náà, a ó tún rí i. Ṣùgbọ́n bí a bá fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, yóò hó yaya. Ohun tí ó ń hó náà ni kábọ́nì dáyọ́ksáìdì, afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí jáde, tí ó sì ń hó nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Kán-ún náà kò sí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kíkan omi ọsàn náà kò sí mọ́. Ohun kẹta ni ó jáde láàrin wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ìkòkò ẹ̀wà. Àwọn ìyá wa mọ̀ pé kán-ún ń mú ẹ̀wà tètè rọ̀, igi ìdáná kò sì ní pọ̀. Òótọ́ ni, nítorí kán-ún ń tú ohun tí ó so ara ẹ̀wà pọ̀. Àmọ́ ó ń ba fítámì kan tí wọ́n ń pè ní B1 jẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tí ó fi kán-ún gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ owó igi ti fi oúnjẹ san díẹ̀ nínú owó náà, ojú kò sì rí i.

Awọ ni ó tún jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yéni dáadáa. Bí wọ́n bá pa ewúrẹ́, tí wọ́n bó o, tí wọ́n sì sá awọ rẹ̀ sóòrùn, yóò gbẹ, yóò sì le bí igi. Bí a bá tún rẹ ẹ́ sínú omi, yóò padà di awọ tútù, láìpẹ́ yóò sì máa rà. Omi nìkan ni oòrùn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ awọ ní Kánò kì í dúró níbẹ̀. Wọ́n á fi omi eérú tú irun rẹ̀, wọ́n á há a mọ́, wọ́n á sì rẹ ẹ́ pẹ̀lú èso igi kan tí Haúsá ń pè ní bagaruwa. Èròjà inú èso yìí yóò wọ inú awọ náà lọ, yóò di àwọn fọ́nrán rẹ̀ mú, kò sì ní fi wọ́n sílẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, bí òjò bá pa bàtà tí a fi ṣe, kò ní tìtorí ìyẹn rà bí ẹran. Awọ gbígbẹ àti awọ tí a ti ṣe lè jọra lórí àtẹ, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣì jẹ́ ara ẹran, èkejì ti di ohun mìíràn. Irú awọ ewúrẹ́ pupa yìí ni àwọn ràkúnmí gbé la aṣálẹ̀ kọjá, tí àwọn ará Yúróòpù rà ní etí òkun àríwá, tí wọ́n sì pè ní awọ Mòrókò, nígbà tí ó jẹ́ pé ilẹ̀ Haúsá ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá.

Aró Kofar Mata

Nínú odi ìlú Kánò, ní Kofar Mata, ni àwọn kòtò aró tí ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé wọ́n gbẹ́ ní ọdún 1498 wà. Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ yìí, nítorí ewé ẹ̀lú àti ìkòkò aró ti wà ní Abẹ́òkúta, Ọ̀ṣogbo àti Ìbàdàn láti ìgbà pípẹ́. Ohun tí ó ya ni lẹ́nu ni pé kò sí àwọ̀ aró nínú ewé tútù náà. Ohun kan tí kò ní àwọ̀ ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá gún ewé náà tí ó sì kan, ohun náà yóò tú; èyí tí ó jáde nínú rẹ̀ yóò pàdé afẹ́fẹ́, yóò sì di aró.

Ṣùgbọ́n aró tí ó ti di aró kì í yọ́ nínú omi, nítorí náà kò lè wọ inú òwú. Kí ni àwọn aláró ń ṣe? Wọ́n á da eérú àti kán-ún sínú kòtò, wọ́n á sì jẹ́ kí ó kan fún ọjọ́ púpọ̀. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú kò rí yóò lo gbogbo ọ́síjìn tí ó wà nínú omi náà tán. Aró yóò wá di ohun mìíràn tí ó ń yọ́ nínú omi, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì máa ṣe bí ewé tí ó ń pọ́n. Aṣọ tí wọ́n bá rì sínú rẹ̀ yóò jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé yìí. Lójú ẹni tí ó dúró tì í ni afẹ́fẹ́ yóò ti sọ ọ́ di aró padà, tí yóò sì há sínú òwú.

Níbi yìí ni ẹsẹ̀ kejì òfin ilé-ẹ̀kọ́ náà ti ṣẹ́. Àbùdá aró yí padà nínú kòtò, ó sì tún padà sí ti tẹ́lẹ̀ lójú afẹ́fẹ́. Ìyípadà àbùdá ni méjèèjì, síbẹ̀ èkejì dá èkíní padà. Bí kò bá ṣeé dá padà, iṣẹ́ aró kì bá tí sí rárá. Ẹ̀wẹ̀, òwú tí a rẹ kò di ohun mìíràn. Òwú ni títí aṣọ yóò fi gbó. Nígbà tí wọ́n bá sì fi kùmọ̀ lu aṣọ náà títí tí ó fi ń dán gbinrin, ìrísí ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n tún ṣe. Ìyípadà mẹ́ta ni ó bá aṣọ kan, wọn kò sì jẹ́ irú kan náà.

Ìmọ̀ yìí kò mọ sí Kánò. Ní ọdún 1880 ni Adolf von Baeyer, ọmọ Jámánì, rí ọ̀nà láti ṣe aró láìlo ewé. Ní ọdún 1897 ni ilé-iṣẹ́ BASF bẹ̀rẹ̀ sí tà á káàkiri ayé, wọ́n sì fún Baeyer ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1905. Aró ilé-iṣẹ́ àti aró ewé kò yàtọ̀ ní àbùdá. Síbẹ̀, nígbà tí aró ilé-iṣẹ́ àti kọ́sítíìkì sóódà dé Abẹ́òkúta, wọ́n dá ìjà sílẹ̀. Àwọn kan ráhùn pé àdìrẹ kò dára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Ladapo Ademola fi òfin de ohun èlò tuntun wọ̀nyí, àwọn obìnrin aláró sì ta kò ó gidigidi, nítorí oúnjẹ òòjọ́ wọn ni. Kì í ṣe aró ni ó yẹ kí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn. Sóódà tí ó pọ̀ jù, tí a kò wọ̀n, a máa jẹ ọwọ́ ẹni tí ó ń lò ó. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ọ̀nà tí a gbà ṣe é.

Ẹ̀pà

Nígbà tí ojú irin ń bọ̀ ní Kánò, òwú ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì retí pé àwọn àgbẹ̀ yóò gbìn fún ilé-iṣẹ́ aṣọ wọn. Àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò Haúsá ṣírò owó wọn, wọ́n sì yan ẹ̀pà. Alhassan Dantata, tí ó kú ní ọdún 1955, di olówó ńlá nínú òwò náà. Àpò ẹ̀pà ni wọ́n ń tò sókè títí yóò fi rí ṣóńṣó bí òkè; ẹyọ kan lè gba nǹkan bí àpò 15,000. Ọ̀dá ọdún 1972 sí ọdún 1974, àrùn tí ó bá ẹ̀pà jà ní ọdún 1975, àti owó epo rọ̀bì tí ó fa ojú ìjọba kúrò lára oko ni ó mú òkè ẹ̀pà wọ̀nyí pòórá.

Títò ẹ̀pà sókè, pípa èèpo rẹ̀ àti fífún òróró rẹ̀ jáde jẹ́ ìyípadà ìrísí. Òróró náà ti wà nínú ẹ̀pà kí a tó fún un. Ṣùgbọ́n bí òróró náà bá pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ àti ooru, òórùn rẹ̀ yóò yí, a ó sì mọ̀ pé ó ti di ohun mìíràn. Èyí tí ó burú jù ni èyí tí kò rùn. Ní ọdún 1960, ó lé ní 100,000 tòlótòló tí ó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé oúnjẹ ẹ̀pà tí ó ti bu ni wọ́n fún wọn jẹ. Ohun tí ó bu sí ẹ̀pà náà ni ó ṣe májèlé tí a ń pè ní aflatoxin. Láti ìgbà náà ni ayé ti mọ̀ pé ẹ̀pà tí ọ̀rinrin mú nínú àpò lè di oúnjẹ ikú, àti pé yíyan án kò tó láti mú májèlé náà kúrò tán.

Iná Ọdún 2016

Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2016, iná ńlá sọ ní Ọjà Sabon Gari. Ìsọ̀ tí ó jó lé ní 3,000. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbogbo ọjọ́ ayé kó jọ lọ ní wákàtí mélòó kan.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Ìbéèrè tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bi ara rẹ̀ ni pé kí ni ó fà á tí eérú fi kéré tó bẹ́ẹ̀. Níbo ni ẹrù tí ó kún ìsọ̀ dé òrùlé lọ? Antoine Lavoisier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó fi òṣùwọ̀n dáhùn ìbéèrè yìí ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ó gbé ohun tí ó fẹ́ fi iná sí sínú ìgò tí ó dì pa, ó wọ̀n ọ́n ṣáájú, ó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn. Ìwúwo rẹ̀ kò dín, kò sì lé. Ohun tí ó jó kò ṣòfò. Ó dara pọ̀ mọ́ ọ́síjìn ni. Aṣọ òwú tí ó jó ní Sabon Gari di kábọ́nì dáyọ́ksáìdì àti oruku omi, wọ́n sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Eérú jẹ́ ìwọ̀nba tí kò lè di afẹ́fẹ́. Gbogbo ẹrù náà ṣì wà láyé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè tà á.

Iná kan náà kì í ṣe ohun kan náà sí gbogbo ohun tí ó bá jó. Wúrà tí ó bá bọ́ sínú iná lè yọ́, kí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ sì bà jẹ́, ṣùgbọ́n wúrà ni. Alágbẹ̀dẹ wúrà yóò tún un rọ. Ìgò lè yọ́ kó sì wọ́, ìgò náà ni. Owó bébà tí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn yóò di eérú láìní àtúnṣe. Ẹni tí ó ń ṣírò àdánù rẹ̀ lẹ́yìn iná, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, ìyàtọ̀ láàrin ìyípadà ìrísí àti ìyípadà àbùdá ni ó ń ṣírò.

Oògùn Tí Ojú Kò Fi Mọ̀

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Sabon Gari jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọjà tí wọ́n ti ń ta oògùn òyìnbó ní gbangba jùlọ ní Nàìjíríà. Inú ìsọ̀ tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ páànù ni púpọ̀ nínú oògùn wọ̀nyí wà, ooru ibẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ní ọdún 2024, àjọ tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ apoògùn ti àwọn ìsọ̀ oògùn ibẹ̀ pa, wọ́n sì ní kí àwọn oníṣòwò náà kó lọ sí ojúkò tí a kọ́ fún un ní Dangwauro, ní ìta ìlú.

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí tí ó fi yẹ kí ìjọba dá sí ọ̀rọ̀ ibi tí oògùn ń gbé, kí ó wo básìlín àti hóró oògùn tí wọ́n jọ jókòó nínú ooru kan náà. Básìlín yóò yọ́, yóò dà bí omi, ẹni tí ó fẹ́ rà á yóò sì rò pé ó ti bà jẹ́. Kò bà jẹ́. Bí ó bá tutù, yóò dì padà. Ṣùgbọ́n hóró asipírìnnì tí ọ̀rinrin mú lè wà ní funfun àti ní róbótó, nígbà tí ó ti ń tú sí ohun méjì nínú, tí ọ̀kan nínú wọn ń rùn bí ọtí kíkan. Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1963, àwọn oníṣègùn kọ ìròyìn nípa àwọn aláìsàn tí kíndìnrín wọn bà jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n lo tetracycline tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Oògùn náà ti yí ní àbùdá, ó ti di ohun tí ó ń pa ni lára.

Ohun tí ojú rí pé ó bà jẹ́ kò bà jẹ́. Ohun tí ojú rí pé ó pé, kò pé mọ́. Ìdí nìyí tí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí oògùn fi ṣe pàtàkì ju bí hóró inú rẹ̀ ti rí lọ.

Ìkádìí

Gbogbo àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí kò sọ pé kí olùkọ́ ju àwọn àmì tí ó wà nínú ìwé nù. Àwọ̀ tí ó yí, òórùn tuntun, afẹ́fẹ́ tí ó ń hó, ooru tí ó jáde, gbogbo wọn ni ẹlẹ́rìí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìbéèrè bóyá ohun kan ṣeé dá padà. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kì í ṣe adájọ́. Ata lílọ̀ kò ṣeé dá padà, ata náà ni. Aró inú kòtò ṣeé dá padà, síbẹ̀ ó ti di ohun mìíràn kí ó tó padà. Hóró oògùn kò fi àmì kankan hàn lójú, àbùdá rẹ̀ sì ti lọ. Ìbéèrè tí ó ń dájọ́ ni pé: ǹjẹ́ ohun tí ó wà níwájú wa yìí ṣì jẹ́ ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀?

Ìbéèrè náà kò le láti bi ní èdè Yorùbá. Ní ọdún 1970 ni ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, ní èdè abínibí wọn. Ètò náà fi hàn pé ọmọ tí ó bá gbọ́ ẹ̀kọ́ ní èdè ìyá rẹ̀ kì í rẹ̀yìn. Olùkọ́ tí ó bá ń lọ sí kíláàsì láti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò náni lówó: kí ó mú obì kan dání, kí ó gé e sí méjì, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa wo ojú rẹ̀. Kí ó rọ iyọ̀ sínú omi, kí ó sì gbé omi náà sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, kí ó béèrè lọ́wọ́ wọn èwo nínú méjèèjì ni ó ti di òmíràn, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀.